Ìwọ tàbí Ẹ̀yin? Lórí ẹ̀dà Yorùbá kan ti àdúrà Elizabeth ti Mẹ́talọ́kan

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní gírámà Yorùbá mú bébà méjì wá bá mi. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà kan ní Àjàṣẹ́, àwọn Kátólíìkì bí méjìlá tí wọ́n máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í lu ìlù, wọn kì í sì í pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á wá dákẹ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kálukú á kọjú sí Ọlọ́run nínú ọkàn ara rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé ni wọ́n ń kà. Àwọn ìyá méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wọn tí wọn kò gbọ́ Faransé, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi jókòó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó bóyá àmì ohùn rẹ̀ pé."

Àmì ohùn rẹ̀ pé. Ohun mìíràn ni kò pé, òun ni mo sì fẹ́ sọ níbí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ó gbà, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ó fi ɛ àti ɔ kọ iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa. Èmi fi ẹ àti ọ kọ tèmi nítorí àwọn òǹkàwé wa tí ó wà ní òdì kejì ààlà.

Àdúrà tí ó túmọ̀ kì í ṣe ohun tí ó fara sin. Elizabeth Catez ni ó kọ ọ́, ọmọbìnrin kan ní Dijon, ní ilẹ̀ Faransé, tí ó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa, tí ó wọ ilé Carmel ìlú náà ní 1901, tí ó sì kú síbẹ̀ ní 1906 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 26. Elizabeth ti Mẹ́talọ́kan ni orúkọ rẹ̀ nínú ilé náà. Ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1904 ni ó kọ àdúrà yìí. Kátékísìmù Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní 1992 mú apá kan nínú rẹ̀ sí ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan, Póòpù Francis sì kéde obìnrin náà ní ẹni mímọ́ ní 2016.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí inú ìtò yẹn ni ẹjọ́ mi wà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpè sí Ọlọ́run tí í ṣe Mẹ́talọ́kan. Lẹ́yìn náà ó yí sí Kristi tí a kàn mọ́ àgbélébùú, tí í ṣe Ọ̀rọ̀ ayérayé. Ó yí sí Ẹ̀mí tí í ṣe iná. Ó wá yí sí Baba. Kì í ṣe bí a ṣe ń tò wọ́n nígbà tí a bá ń ṣe àmì àgbélébùú ni ó ṣe tò wọ́n: Baba ni ó kẹ́yìn. Ìgbà tí ó ti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe gbogbo wọn pọ̀, tí ó sì fi iye pè wọ́n: Mẹ́ta tirẹ̀ ni ó pè wọ́n. Kò sí ibì kankan nínú àdúrà náà tí ó ti ṣàlàyé bí mẹ́ta ṣe jẹ́ ọ̀kan. Kò tilẹ̀ béèrè.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí a máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Àìkú Mẹ́talọ́kan, ìṣirò ni. Omi, yìnyín àti oruku omi. Ẹyin, èèpo rẹ̀, funfun rẹ̀ àti pupa rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù ni àwọn kátékísì fẹ́ràn jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò dúró: òkúta kan nínú ààrò jẹ́ ìdá mẹ́ta ààrò, Baba kì í sì í ṣe ìdá mẹ́ta Ọlọ́run. Wọ́n tún máa ń sọ ìtàn Augustine àti ọmọ kékeré tí ó fẹ́ fi ìkarahun gbọ́n òkun sínú ihò. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò sí nínú ohunkóhun tí Augustine kọ; ìgbà tí ó ti kú tipẹ́ ni wọ́n fi í mọ́ ọn. Augustine gan-an, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Thagaste, ní Algeria òde òní, fi bí ogún ọdún kọ ìwé 15 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó dé ìdajì rẹ̀ ó fi àpẹẹrẹ ohun òde sílẹ̀, ó wọ inú ọkàn lọ: ẹni tí ó fẹ́ràn, ẹni tí a fẹ́ràn, àti ìfẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń lò fúnra rẹ̀ ń tì wá sí ìṣirò. Mẹ́talọ́kan. Mo jẹ́wọ́ pé fún ọdún mélòó kan ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn atúmọ̀ ìgbàanì ni wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ yìí dá, pé "mẹ́ta ni ọ̀kan" ni wọ́n ní lọ́kàn. Èmi ni mo ṣì í. Ni tí a fi ń ṣe àkíyèsí alátẹnumọ́, ohùn àárín ni ó ní. Bí a bá pa fáwẹ́lì rẹ̀ jẹ níwájú ọ̀kan, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí ọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀: lọ̀kan ni a ó gbọ́, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú "ìwé lọ̀gá rà." Ohun tí a ń gbọ́ ni lọ́kan. Ní olóhùn òkè ni ó wà níbẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú Ọlọ́run fúnra rẹ̀, níbi tí oní àti ọ̀run ti pàdé. Ọmọbìnrin kan tí ó ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá ni ó nawọ́ sókè ní kíláàsì tí ó sọ fún mi. Ojú tì mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní olóhùn òkè yẹn náà kò dúró sí ojú kan. Ó lè jẹ́ atọ́kùn ibi: mẹ́ta nínú ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ìní: mẹ́ta tí ó ní ọ̀kan. Ní ọjà Ouando, iye owó ni: ọsàn mẹ́ta ní ọgọ́rùn-ún fàráńkì. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò jẹ̀bi bí ó bá rò pé ọjà ni a ń ná. Nǹkan kan tún wà tí etí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí lè gbé: ohùn kan ṣoṣo ni ó ya lọ́kan sọ́tọ̀ kúrò lára lọ́kàn. Bí a bá fi Mẹ́talọ́kan sínú orin tí ohùn rẹ̀ ti Yúróòpù wá, tí ohùn orin náà sì já wálẹ̀ ní sílébù tí ó kẹ́yìn, "mẹ́ta lọ́kàn" ni a ó gbọ́, mẹ́ta nínú ọkàn. Mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Èèṣì ni, kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn. Síbẹ̀ ó sún mọ́ ohun tí Elizabeth ń wá ju ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ lọ, nítorí ohun tí ó dì mú ní gbogbo ayé rẹ̀ kúkúrú ni pé Mẹ́ta náà ń gbé inú òun, àti pé ohun tí ó kù fún òun ni kí òun dákẹ́ kí òun lè wà pẹ̀lú wọn níbẹ̀.

Èyí mú mi dé àkọlé tí ọmọ náà fún iṣẹ́ rẹ̀: "Àdúrà Àṣàrò sí Mẹ́talọ́kan." Àṣàrò kọ́. Guigo, ọ̀kan nínú àwọn mọ́ńkì Chartreuse ní ọ̀rúndún kejìlá, to àtẹ̀gùn kan tí ó ní ìpele mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti èyí tí ó ga jù, tí ó jẹ́ wíwo Ọlọ́run láìsí iṣẹ́ ọpọlọ mọ́. Àṣàrò ni ìpele kejì. Inú àṣàrò ni a ti ń ro nǹkan, tí a ń fi èyí wé ìyẹn. Inú rẹ̀ ni ẹyin àti ààrò mẹ́ta wà. Àwọn ará Carmel tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí gidigidi. John ti Àgbélébùú sọ pé àsìkò kan ń bọ̀ tí ẹni tí ó ń gbàdúrà gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú àṣàrò bí kò bá fẹ́ dí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Teresa ti Ávila, nínú ìwé tí ó kọ ní 1577 nípa ilé olódi inú ọkàn, fi òye Mẹ́talọ́kan sí iyàrá keje, èyí tí ó jìn jù, ó sì sọ pé níbẹ̀ ni ohun tí a ti fi ìgbàgbọ́ dì mú tẹ́lẹ̀ ti ń di ohun tí ọkàn mọ̀ bí ẹni pé ó rí i, láìsí ojú ara. Kò sọ pé ó ti wá lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo bá ọmọ náà pa àṣàrò rẹ́, a kọ "àdúrà ìdákẹ́rọ́rọ́." Kò dára tó, ṣùgbọ́n kò parọ́.

Ibi mìíràn tí mo ti fa ilà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ni ibi tí ó ti nílò ọ̀rọ̀ fún ohun tí Faransé ń pè ní mystère. Ó ti kọ́kọ́ kọ àṣírí, ó pa á rẹ́, ó kọ àdììtú. Ó ṣe dáadáa bí ó ṣe pa àṣírí rẹ́: àṣírí a máa tú, bí ó bá sì ti tú, ó parí. Ṣùgbọ́n àdììtú náà ní àléébù tirẹ̀. Ohun tí a dì tí a kò lè tú ni, òdì kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an, à-dì-ì-tú, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò yíjú kúrò. Àwámárìídìí jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú Bíbélì wa tipẹ́, ohun ìjìnlẹ̀, ni mo fara mọ́, nítorí ohun tí ó jìn, a lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó wọ inú kànga kò tíì rí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti kan ara rẹ̀. Ọmọ náà gbà pẹ̀lú mi níbí láìjiyàn. Ibẹ̀ nìkan ni.

Nípa ẹni, mo ní láti ṣọ́ra, nítorí ó rọrùn láti fi í yangàn. "Ọlọ́run kan ní Ẹni mẹ́ta" ni a kọ́ wa ní kátékísìmù. Ẹni kì í ṣe ènìyàn. Kò ní ara, kò ní ọjọ́ orí, kì í ṣe akọ kì í ṣe abo, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó dá dúró nínú gbólóhùn: ẹni tí ó wá, ẹni mi, ẹni ire. Ó máa ń wá awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe tàbí ẹni tí ó ni í. Bí a bá fẹ́ sọ ohun tí ìjọ fi ya Ẹni mẹ́ta náà sọ́tọ̀, ohun tí gírámà wa fún wa ti tó: Baba ni ẹni tí ó bí, Ọmọ ni ẹni tí a bí, Ẹ̀mí ni ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ Baba àti Ọmọ wá. Yàtọ̀ sí èyí tí ó tẹ̀lé tí, kò sí ohun tí ó ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Thomas ti Aquino lo ojú ìwé púpọ̀ láti sọ pé nínú Ọlọ́run, ohun tí a ń pè ní ẹni ni ìbátan fúnra rẹ̀ tí ó dúró lórí ara rẹ̀. Ní Faransé, personne náà ni a fi ń sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì máa ń pa àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí èyí sọ, bí mo ti ń kà á nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, pé èdè Yorùbá ti mọ Mẹ́talọ́kan kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Èdè Yorùbá ti mọ awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe ni. Augustine ti sọ tirẹ̀ nípa persona ti Látìn: a ń lò ó kí a má baà dákẹ́ pátápátá nígbà tí wọ́n bá bi wá pé mẹ́ta kí ni. Mo rò pé ohun tí ó yẹ kí a sọ nípa ẹni náà nìyẹn.

Ó kan arọ́pò-orúkọ wàyí, ibi tí èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ti fi ohùn ṣọ̀kan.

Elizabeth ń lo vous láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ayé rẹ̀, bí àwọn Kátólíìkì tí ń sọ Faransé ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọdún 1966 ni Àdúrà Olúwa ní Faransé yí sí tu. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n fi tu kọ́ àdúrà láti kékeré máa ń ka vous yẹn sí ọ̀wọ̀ ayé àtijọ́, wọ́n á sì fò ó. Ṣùgbọ́n vous jẹ́ ohun méjì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin wa: ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún, tàbí ènìyàn púpọ̀. Nígbà tí ó fi í pe Kristi, ẹyọ ni. Ẹ̀mí, ẹyọ. Baba, ẹyọ. Nígbà tí ó fi í pe Mẹ́ta ní ìparí, ọ̀pọ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, nígbà tí ó ń pe Ọlọ́run tí í ṣe Mẹ́talọ́kan? Gírámà kò sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé e kò yí padà. Ẹni tí ó ń tọ́ka sí ni ó ń yí padà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbàdúrà kò ní láti yan iye kí ó tó lanu.

Kò tán síbẹ̀. Ní ìparí yẹn, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ọ̀pọ̀, gbogbo orúkọ tí ó tò tẹ̀lé e jẹ́ ẹyọ, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ orúkọ ìdáwà, dídá nìkan wà láìlópin. Ó ka mẹ́ta, ó sì ń bá a lọ bí ẹni pé kò kà. Mo ka àdúrà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó rí i, bí kì í bá sì í ṣe ti ìtumọ̀ ọmọ yìí, n kì bá tí rí i rárá.

Ní Yorùbá, a ti yan iye tipẹ́: ìwọ. Ó yani lẹ́nu bí a bá rò ó dáadáa. Ọmọ tí ó bá pe bàbá tí ó bí i ní ìwọ, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́. Bàbá tí ń bẹ lọ́run, ìwọ ni. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ parí ní 1884 lo ìwọ, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń ki ọba nínú oríkì a máa pè é ní o láàárín ọjà, orí rẹ̀ a sì wú. Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀wọ̀ ojoojúmọ́ ti tán tí ohun mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Fún ẹ̀kọ́ Ọlọ́run kan, ìwọ tún ní àǹfààní mìíràn: bí a bá ń sọ wọ́n àti ẹ̀yin fún Ọlọ́run, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí òrìṣà púpọ̀? Lóde òní mo ń gbọ́ "ẹ ṣé, Baba" àti "o ṣé, Baba" nínú ìjọ kan náà, lẹ́nu ẹnì kan náà nígbà mìíràn. Ìyẹn ń fi hàn pé ilà náà ń yẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àdúrà tí a kọ sílẹ̀, ìwọ ṣì ni.

Ọmọ náà lo ìwọ láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí ó dé ìparí, ó rí i pé "ìwọ mẹ́ta" kò ṣeé sọ, a ó fi àmì ìràwọ̀ sí i ní kíláàsì. Ó wá kọ "Ìwọ Mẹ́talọ́kan mi." Ó mọ́ lẹ́nu, ó bá ẹ̀kọ́ ìjọ mu, kò sí bíṣọ́ọ̀bù tí yóò bá a wí. Mo sì rò pé ó ba àdúrà náà jẹ́. Mẹ́talọ́kan ni ọ̀rọ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀; òun náà ni ó tún wá dá padà fún wa ní ìparí, bí ẹni tí ó rìn lọ sí Kétu tí ó sì bá ara rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Obìnrin yìí bá Kristi sọ̀rọ̀, ó bá Ẹ̀mí sọ̀rọ̀, ó bá Baba sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ó tó lè pe Mẹ́ta, tí ó sì pè wọ́n ní tirẹ̀. Mẹ́ta yẹn kì í ṣe iye tí wọ́n kọ́ ọ ní kátékísìmù. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀ tán ni. Yorùbá sì ní ìrísí kan fún irú rẹ̀ gan-an, tí Faransé kò ní: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A kì í sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa ohun tí a kò tíì mọ̀. Àwọn tí a ti dárúkọ, tí wọ́n pé, tí ọ̀kan kò ṣẹ́kù sẹ́yìn, ni à ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni mo rí. Èkínní ni kí a lo ẹ̀yin jálẹ̀, kí ó lè ṣe ohun tí vous ń ṣe. Èkejì ni kí a lo ìwọ títí dé ọ̀dọ̀ Baba, kí a wá yí sí "Ẹ̀yin Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tèmi" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a sì padà sí ìwọ nínú àwọn orúkọ ẹyọ tí ó tẹ̀lé e. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀, mo sì mú wọn lọ sí Kétu, ìlú Thomas Moulero, ọmọ Dahomey àkọ́kọ́ tí ó di àlùfáà Kátólíìkì, ní 1928. Àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé níbẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún, Yorùbá ni ó fi ń gbàdúrà láti kékeré.

Mo ka ti ẹ̀yin fún un. Kò jẹ́ kí n dé ìdajì. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé bíṣọ́ọ̀bù ni o kọ̀wé sí ni?"

Ọ̀rọ̀ parí lórí ìyẹn. Mo ka èkejì. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti yí sí ẹ̀yin, ó gbé orí sókè. Ó ní kí n tún ìparí yẹn kà. Mo tún un kà. Ó dákẹ́ pẹ́ títí, mo sì ti ń rò nínú ara mi pé mo ti jàre, nígbà tí ó béèrè pé, "Láti ọjọ́ yìí wá tí mo ti ń sọ pé ìwọ, ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú wọn?"

N kò retí rẹ̀. Mo dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, mo ní, "Ìyá mi, ẹni tí ẹ bá pè nínú wọn, àwọn yòókù kò sí lóde. Níbi tí ọ̀kan bá wà, ibẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà."

"Ìyẹn ni kátékísìmù," ó ní. "N kò bi ọ́ ní kátékísìmù."

Mo ti ń kọ́ni ní arọ́pò-orúkọ fún ọdún 19. Mo lè ya àtẹ rẹ̀ sójú pátákó ní ojú oorun: ẹni kìn-ín-ní, ẹni kejì, ẹni kẹta, ẹyọ, ọ̀pọ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó fi àtẹ náà bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní ìdájí lójoojúmọ́ fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún, èmi ni mo fi bébà kan mú kí ó máa ṣiyèméjì ẹni tí í ṣe. Mo sọ èyí nítorí pé nínú iṣẹ́ wa ó rọrùn láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìtumọ̀ tí ó sún mọ́ ojúlówó jù ni ó dára jù. Èyí tí mo mú lọ sún mọ́ ojúlówó ju ti akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Ó dá mi lójú síbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún ọmọ náà, kò yọ̀ mí, ṣùgbọ́n kò gbà pẹ̀lú mi náà. Àlàyé rẹ̀ lágbára ju bí mo ti rò lọ. Ó ní Elizabeth dá nìkan wà nínú iyàrá rẹ̀ nígbà tí ó kọ ọ́. Ẹgbẹ́ ni àwọn, méjìlá, tí wọ́n ń kà á pọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá ń gbàdúrà, ó lè yí arọ́pò-orúkọ padà bí ọkàn rẹ̀ bá ti ń yí. Bí ẹgbẹ́ bá ń kà á, ìyípadà yẹn á di ìlànà, gbogbo ènìyàn á máa retí rẹ̀, àwọn kan á sì máa ronú nípa rẹ̀ ní àsìkò tí ó yẹ kí wọ́n dákẹ́. "Ọ̀gá, ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín pé iṣẹ́ ọpọlọ ni kí a fi sílẹ̀. Ẹ̀yin yẹn á tún mú wọn padà sí ìṣirò." N kò tíì rí èsì tí ó tó fún un. Ohun tí mo lè sọ ni pé Mẹ́talọ́kan rẹ̀ náà ń mú wọn padà sí ìṣirò, kìkì pé ti ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ti mọ ọ́n lára.

Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó mú èkejì lọ fún wọn láti dán an wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kà á. Mo lọ bá wọn jókòó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Faransé ka ẹ̀yin láìkọsẹ̀. Nínú àwọn ìyá méjì náà, ọ̀kan dákẹ́ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, orí ni ó ti há a sí, ohùn rẹ̀ sì ròkè díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Mo gbọ́ ọ kedere. "Ìwọ Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ó ní, "tèmi."

Mo bi ọmọ náà lẹ́yìn ìpàdé bóyá wọ́n ti tọ́ ọ sọ́nà. Ó ní wọ́n ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo fi àmì ìràwọ̀ sí iwájú gbólóhùn náà, bí a ti máa ń ṣe. Ìyá náà ṣì ń sọ ọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.